Àgò Kẹta

Kọ́kọ́rọ́ náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì láyà Ìyùnadé kó tó fọhùn. Ife ẹ̀kọ gbígbóná ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ láìwò ó mọ́, nítorí láti ọdún mẹ́fà tó ti ń gbé kọ́kọ́rọ́ panápaná kọ́rùn ní ìlú Olókè-Mẹ́ta, kò tíì sí ẹ̀kọ tó mu tán lẹ́nu iṣẹ́.

“Ojúlé kẹrìnlá, Òpópó Onírin,” ni kọ́kọ́rọ́ wí. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fún un, irú èyí tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. “Iná. Ẹnì kan ló wà nínú ilé. Ilẹ̀kùn ti ti ara rẹ̀ pa.”

Ọ̀gá Láníhùn, olórí àgọ́, ti ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Súfíánù awakọ̀ ti wà nídìí ọkọ̀. Wọ́n sáré gba abẹ́ àáké tó wà lára ògiri kọjá. Àáké kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ní àgọ́ náà nìyẹn. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà aláwọ̀ wúrà, wọ́n sì fi wáyà dè é mọ́ ògiri bí fọ́tò olóògbé. Láti ìgbà tí òfin kọ́kọ́rọ́ ti dé, ẹni tó bá fi irin kan ilẹ̀kùn ẹlòmíì, olè lorúkọ rẹ̀, ìbáà wọ aṣọ panápaná láti orí dé ẹsẹ̀. Kí la tún fẹ́ fi àáké ṣe, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ kan ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ìlú kí èèyàn tó ṣẹ́jú?

Ọyẹ́ ti mú. Wọ́n ń sun igbó lẹ́yìn odi, èéfín rẹ̀ sì ti bo gbogbo àdúgbò láti ìdájí, débi pé ilé ẹni tó ń sun iṣu àti ilé tó ń jó, òórùn kan náà ló ń tibẹ̀ jáde.

“Omi wa kún dẹ́nu o,” ni Súfíánù wí bí wọ́n ti ń já sí títì. Ó fi àtàńpàkò tọ́ka sí táǹkì ẹ̀yìn ọkọ̀. “Àmọ́ ẹ mọ ìwà ẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ ò bá tíì ṣílẹ̀kùn, omi ò ní lanu. Torí pé mo fi omi ìjọba fọ mọ́tò lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n dí omi lẹ́nu fún gbogbo ìlú.”

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ìyùnadé ń fi ìka pa kọ́kọ́rọ́ náà lára, irin pẹlẹbẹ tí kò gùn ju ìka lọ.

“Ọ̀gá,” ó wí, “ilé Bàbá Òjélàbí nìyẹn.”

“Mo mọ̀.”

“Bàbá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́nà ọ̀fun lọ́dún tó kọjá. Wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́.”

“Mo ní mo mọ̀, Ìyùnadé.” Láníhùn yíjú sí i. Ọkùnrin tó ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì ni, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti funfun tán. “A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ohun tó bá wà níkùn rẹ, sọ ọ́.”

“Ilé méje la ti ṣí ní òpópó yẹn láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ rí iná nínú ọ̀kankan?”

“N ò rí.”

“Àwọn onílé ńkọ́? Ṣé ẹ tún fojú kàn wọ́n?”

Gbogbo ìlú ló mọ èsì ìbéèrè yẹn, gbogbo ìlú ló sì gbé e mì. Ilé tí kọ́kọ́rọ́ panápaná bá ti ṣí ti di ilé àyẹ̀wò nìyẹn. Àwọn Olùyẹ̀wò á fi èdìdì wọn lẹ̀ ẹ́ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, wọ́n á sì kó onílé lọ sí Ibùdó Ìtura lódìkejì odò. Kò tíì sí ẹni tó ti ọ̀hún padà wá. Títì tuntun tí wọ́n fẹ́ là gba Òpópó Onírin kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ ọrùn Ìyùnadé ló ń bá a la ọ̀nà.

Òfin kò ṣàì fi ọwọ́ ẹ̀rọ̀ kan sí i o. Ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ló ṣe é, wọ́n mọ̀ pé a kì í wọlé onílé láìkágò. Ìgbà mẹ́ta ni ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ kágò. Bí ohùn kan bá dáhùn láti inú ilé pé òun wà, pé kò síná, etí tó wà lára ilẹ̀kùn á gbọ́, kọ́kọ́rọ́ á sì sùn fún wákàtí kan gbáko. Bí kò bá sí ìdáhùn, a jẹ́ pé èéfín ti dá onílé dùbúlẹ̀, kí wọ́n ṣí i.

Ohun tí àwọn aṣòfin gbàgbé ni pé ìyá tó kọ́ni ká máa kágò náà ló kọ́ni pé, bí a bá gbọ́ ìpè tí a ò mọ ojú ẹni tó pè, a kì í jẹ́ ẹ. Bí ilé àkọ́kọ́ ṣe lọ nìyẹn. Ìyùnadé kágò lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Múnírátù, kò gbúròó ẹnikẹ́ni, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì bá obìnrin náà lórí ẹní, ara rẹ̀ le kokooko, ó fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. “Ìyá mi ní n ò gbọdọ̀ dáhùn,” ni Ìyá Múnírátù ń tún sọ bí wọ́n ṣe ń mú un lọ. Ìyùnadé kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn ará ìlú ti gbọ́n. Kí àwọn ọmọ tó lọ sílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ kà á lórin: *Àgò yà. Mo wà ńlé. Kò síná.*

“Ní ojúlé kẹsàn-án,” ni Súfíánù wí, bí ẹni pé ó gbọ́ ohun tí Ìyùnadé ń rò, “ọmọ ọdún mẹ́ta ló dáhùn. Ìyá ẹ̀ wà nílé ìwẹ̀. Ilẹ̀kùn gbà á. Kì í bèèrè pé ta ni, àfi pé kí ohùn ti inú ilé wá.”

“Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá ń pè wá sílé àwọn tí ò lè dáhùn,” ni Ìyùnadé wí. “Adití nìkẹfà. Ìkeje, ìyá àgbà tí ẹnu wọn ti wọ́. Lónìí, odi.”

Nígbà tí wọ́n dé Òpópó Onírin, mọ́tò funfun àwọn Olùyẹ̀wò ti wà lábẹ́ igi fúrúùtù níwájú ojúlé kẹrìnlá. Ó ti débẹ̀ ṣáájú ọkọ̀ panápaná, eruku ọyẹ́ sì ti ń bà lé e. Ọ̀gbẹ́ni Fápohùndà sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, aṣọ eléérú lọ́rùn, áńkáṣíìfù lẹ́nu. Ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ilé méjèèje ló ti kí wọn kú iṣẹ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Láníhùn. Arábìnrin, ẹ kú ìdúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.”

“Ẹ ṣe é,” ni Ìyùnadé wí. Ilé tó wà lápá ọ̀tún ní èdìdì lẹ́nu ọ̀nà, èyí tó wà lápá òsì náà ní. Ojúlé kẹrìnlá nìkan ló dúró láàárín wọn bí eyín kan nínú ẹnu arúgbó.

Ó mọ ilé náà dáadáa. Bàbá Òjélàbí ló gé kọ́kọ́rọ́ panápaná àkọ́kọ́ nílùú yìí. Láyé ìgbà tí olúkúlùkù ń to irin sẹ́nu ọ̀nà nítorí olè, iná sọ nílé bàbá náà nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń sùn lọ́sàn-án. Ogójì ìṣẹ́jú ni àwọn panápaná fi gé ilẹ̀kùn ní àáké. Ìgbà tí wọ́n wọlé, kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà là mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá fi ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún panápaná ní kọ́kọ́rọ́, kí ìyàwó ẹlòmíì má jóná sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí Ìyùnadé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bàbá náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. “Ẹ̀mí lo gbé kọ́rùn, ọmọ mi,” ló sọ fún un, nígbà tí ohùn ṣì wà. Èèyàn mọ́kànlá ni Ìyùnadé sì ti fi gbà là.

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sójú ilẹ̀kùn.

“Àgò o. Panápaná ni.”

Iná kékeré orí ilẹ̀kùn yípadà di pupa rúsúrúsú. Nínú ilé lọ́hùn-ún, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí lu abọ́ irin. Ko, ko, ko. Ilẹ̀kùn kò mọ èdè abọ́, iná náà kò yí padà.

“Ariwo kì í ṣe ìdáhùn,” ni Fápohùndà rán wọn létí lẹ́yìn.

“Mo mọ òfin, sà.”

Ó dákẹ́ fún ìwọ̀n tí òfin wí, ó tún pè é. “Àgò o.”

Abọ́ náà yára sí i. Ó ń dún láìsinmi wàyí, ó ń dún bí ẹni tó ń jà. Ìyùnadé rò ó pé, bí bàbá ṣe ń sọ fún wọn pé òun wà nílé, pé kí wọ́n máa lọ, nìyẹn. Kí tún ni odi fẹ́ fi sọ ọ́? Kò lè jáde wá bá wọn sọ ọ́ lójúkojú, nítorí bí agogo èéfín bá ti dún, ilẹ̀kùn á ti ara rẹ̀ pa nínú lóde, kí àwọn jàǹdùkú má baà fi iná bojú jalè. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè ṣí i.

Láàárín àgò kejì àti ìkẹta, òfin ní kí ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ yí ilé po lẹ́ẹ̀kan, kó máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri bóyá ó gbóná. Àṣà àtijọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó tún ń ṣe é. Ìyùnadé bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó nà án sí Láníhùn.

“Ọ̀gá, ẹ bá mi kágò kẹta. Ẹ jẹ́ kí n yí ilé po.”

Láníhùn wo ojú rẹ̀ títí. Bó bá mọ ohun tó fẹ́ ṣe, kò wí. “Màá ka oókan dé ọgọ́rùn-ún kí n tó pè é,” ni gbogbo ohun tó sọ.

Fápohùndà wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ògiri tutù. Ìyùnadé fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lápá ọ̀tún, ó tutù bí ìkòkò ámù. Ó kàn án lẹ́yìn, ó tutù. Ó fa afẹ́fẹ́ símú: èéfín ni, ṣùgbọ́n èéfín náà ló ti ń fà símú láti ìdájí, ní àgọ́, lójú títì, lára aṣọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn ilé ni fèrèsé ilé ìdáná wà. Ó ṣí sílẹ̀, àfi irin tí wọ́n tò sí i, ọ̀pá irin nínípọn mẹ́fà tí bàbá náà jó mọ́ ògiri fúnra rẹ̀ láyé ìgbà tí olè pọ̀. Àlàfo tó wà láàárín wọn gba ojú èèyàn, kò gba orí.

Ó dúró níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á, kò sì parọ́ fún ara rẹ̀ pé kò bà á. Bó bá jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn yìí láìsí iná, ìrọ̀lẹ́ òní ni bàbá á sọdá odò, òun tó fẹnu bẹ ìlú kí wọ́n tó dá kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Bó bá dáhùn nípò bàbá, tí iná sì wà, a jẹ́ pé òun ló pa á. Ṣùgbọ́n ògiri tutù. Ìgbà méje ni wọ́n ti ṣílẹ̀kùn lópòópó yìí, ìgbà méjèèje ni agogo purọ́, mọ́tò funfun sì dúró níta bí ó ti dúró nígbà méjèèje. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí kì í dúró yẹ ekòló wò. Nínú ilé, abọ́ kò dákẹ́.

“Àgò o,” ni Láníhùn pè lọ́wọ́ iwájú, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀.

Ìyùnadé ki ojú bọ àárín irin méjì, títí ẹnu rẹ̀ fi wà nínú ilé ìdáná bàbá náà. Ó rí ìkòkò, ó rí ata gbígbẹ lórí àtẹ.

“Àgò yà,” ó wí. “Mo wà ńlé. Kò síná.”

Ó gbọ́ bí ilẹ̀kùn iwájú ṣe dún pẹ́ẹ́, ìró tí kì í dún àfi bí kọ́kọ́rọ́ bá sùn. Ó gbọ́ tí Súfíánù pa àtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìyá Múnírátù, ó rẹ́rìn-ín, òun nìkan lẹ́yìn ilé, ó sì rò ó pé bàbá á máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ títí dọdún tó ń bọ̀.

Abọ́ ti dákẹ́. Ẹsẹ̀ kan ń wọ́ bọ̀ láti yàrá iwájú. Bàbá Òjélàbí yọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, aṣọ tútù bo imú rẹ̀, irun rẹ̀ kún fún ohun dúdú kan tí Ìyùnadé kọ́kọ́ pè ní eruku. Síléètì tí bàbá fi ń bá ayé sọ̀rọ̀ wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó gbé e sókè sí i. Gàdàgbà-gadagba ni ó kọ ọ́, ó sì dájú pé ó ti pẹ́ tó ti kọ ọ́, torí òógùn ọwọ́ rẹ̀ ti pa ìdajì rẹ̀ rẹ́:

*Iná wà lókè àjà. Bátìrì ló gbiná. Ẹ ṣílẹ̀kùn.*

Ìyùnadé gbójú sókè. Pákó àjà ti pọ́n bí omi tíì, àárín rẹ̀ sì ti ń dúdú bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Báwo ni ògiri á ṣe gbóná, nígbà tí iná ń jẹ òrùlé?

Ó sáré dé iwájú kó tó mọ̀ pé òun ti kúrò lẹ́yìn. “Ọ̀gá, iná wà. Iná wà lóòótọ́. Ẹ ṣí i.”

Ẹ̀rín tó wà lójú Láníhùn kú síbẹ̀. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó fi gbogbo ara tì í. Kọ́kọ́rọ́ dákẹ́. Súfíánù ti fa rọ́bà omi dé ẹnu ọ̀nà, ó yí ẹnu rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ẹ̀kán omi kan kò jáde. Kò dá àpárá lọ́tẹ̀ yìí.

“Súfíánù,” ni Láníhùn wí, “padà sí àgọ́. Lọ já àáké wá.”

“Ogún ìṣẹ́jú àlọ ni, Ọ̀gá. Ogún ìṣẹ́jú àbọ̀.”

“Máa lọ.”

Ogójì ìṣẹ́jú. Iye tó gba àwọn panápaná lọ́jọ́ ìyàwó bàbá náà gan-an nìyẹn. Ìyùnadé yíjú sí Fápohùndà, tó ti jókòó padà sínú mọ́tò rẹ̀, ilẹ̀kùn mọ́tò sì ṣí sílẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ máa ń pe agogo irọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ wá dà báyìí.”

Fápohùndà gbọn eruku kúrò létí ṣòkòtò. “Ti ilé méje yẹn, n kò ní bá yín jiyàn,” ó wí, ohùn rẹ̀ kò ga. “Ti òní yìí, ilé ló fẹnu ara rẹ̀ pè yín. Àwa náà gbọ́ ọ ni a fi wá. Ẹ̀rù ẹ̀mí àgbàlagbà yẹn bà mí, mo fi ní kí ẹ má jẹ́ kó pẹ́.” Ó wo òkè ilé, níbi tí èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ń gba abẹ́ páànù jáde. “Ìgbà tí onílé ti wá ní kò síná, kí lèmi lè ṣe? Ilé tó ṣí tàbí ilé tó jóná, ti àyẹ̀wò náà ni. A máa dúró.”

Ó fa ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ dé.

Ìyùnadé padà sẹ́yìn ilé. Ó gbá irin kan mú, ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó fà á títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Irin náà kò mira. Ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ló fi í síbẹ̀. Bàbá Òjélàbí na ọwọ́ jáde láàárín irin, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú kó dẹ́kun, ó sì mi orí. Ojú rẹ̀ pọ́n nítorí èéfín, ṣùgbọ́n ìbínú kò sí níbẹ̀. Ó dà bíi pé ó ń gbìyànjú láti mọ ohun kan ni.

“Bàbá, ẹ dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi imú sí abẹ́ fèrèsé níbí,” ni Ìyùnadé wí. “Wọ́n ti lọ mú àáké. Mo wà lọ́dọ̀ yín. N kò lọ síbì kankan.”

Bàbá kò dùbúlẹ̀. Ó fi apá aṣọ nu síléètì mọ́ tónítóní, ó fa ṣọ́ọ̀kì yọ nínú àpò, ó sì fara balẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ó yí i sí i.

*Ta ló dáhùn?*

Ní iwájú ilé, Láníhùn tí kò mọ ohun tí ì bá tún ṣe fi kọ́kọ́rọ́ lu ilẹ̀kùn, ó sì kágò lẹ́ẹ̀kẹrin, àgò tí òfin kò mọ̀ rí. Ilẹ̀kùn náà dá a lóhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣiyè méjì, ó máa ń tún ìdáhùn onílé sọ gẹ́gẹ́ bó ti gbọ́ ọ, kí ẹ̀rí lè wà. Ohùn náà la gbogbo yàrá kọjá, ó já sí ilé ìdáná, ó dún ketekete ju bó ti dún nígbà tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó ni ín.

“Àgò yà. Mo wà ńlé. Kò síná.”

Bàbá Òjélàbí gbọ́ ọ tán. Ó gbé síléètì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó sì yíjú padà wá wo Ìyùnadé.